Òkúta Ìpìlẹ̀ Jẹ́lé-ó-sinmi Ùsì

Ihò náà wà lára ògiri iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ̀ tó ìrọ̀rí ọmọdé, etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gún gérégé.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Adérìnsọ́lá bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yí ká, ó sì bu díẹ̀ nínú ìyẹ̀pẹ̀ tó dà sílẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. 

“Mádàámù, ihò ni,” Sájẹ́ǹtì Ọláníyì wí lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ràn kí ibi tí òun bá wà dákẹ́. “Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe ọlọ́pàá, n kò tíì rí ẹni tó gbé ihò lọ sí kóòtù.”

“Ẹ dákẹ́ ná, Sájẹ́ǹtì.”

“Mo ti dákẹ́.”

Adérìnsọ́lá dìde, ó gbọn ọwọ́. “Ẹni tó ṣe èyí kò kánjú. Ẹ wo etí rẹ̀. Kò sí ibi kankan tó ti fọ́.”

Títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òkúta ìpìlẹ̀ Jẹ́lé-ó-sinmi Ùsì ló wà nínú ihò yẹn. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn dé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Òkúta náà kò níye lórí lọ́jà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí i lára nìkan ló níye lórí, kò sì sẹ́ni tó lè ka ọ̀rọ̀ ọ̀hún mọ́, nítorí pé gbogbo ẹni tó bá ti kun ilé náà láti ọdún pípẹ́ wá ló ń kun òkúta mọ́ ògiri. Ọ̀dà lórí ọ̀dà ti bò ó mọ́lẹ̀. Mobọ́lá, olórí jẹ́lé-ó-sinmi náà, ti bá òṣìṣẹ́ kan ṣe àdéhùn pé kó wá ha ọ̀dà náà kúrò ní Mọ́ńdè.

Ó ní ohun tó ń lé e. Túsìdeè ni òní. Lọ́la, ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ láti Adó. Ìjọba fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sórí àwọn ilé ìtọ́jú ọmọdé tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ kọ́ fún àwọn ìlú. Ilé tí kò bá ní ẹ̀rí kò ní sí lára wọn. Ìwé kò sí. Wọ́n ti pín ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un pín, wọ́n ń kó fáìlì láti ìlú kan lọ sí òmíràn, ti Ùsì sì sọ nù sójú ọ̀nà. Òkúta yẹn nìkan ló kù.

Ọláyínká Ẹlúyẹmí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ni agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ilé náà. Ọláyínká ní ilé bàbá òun ni, pé àánú ló ṣe bàbá òun tó fi yá ìlú lò, òun sì fẹ́ gbà á padà kí òun fi ṣe ilé ìtura. Òun náà ló lọ fi ẹjọ́ Mobọ́lá sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Mobọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó pọn ọmọ kan, ó di òmíràn lọ́wọ́ mú.

“Ó ní èmi ni mo yọ ọ́,” ó wí. “Ó ní orúkọ bàbá òun ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e sọ nù.”

“Wọ́n rí yín ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ ń fi òòlù kan òkúta náà,” Adérìnsọ́lá wí.

“Mo kàn án lóòótọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀dà náà á bó. Kò bó. Mo lọ sílé.”

“Sọ́ńdè ńkọ́?”

“Ìkórè la ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìdó. Èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi ta iṣu àti ewúrẹ́ ìkórè tán, iwájú ìjọ ni mo wà.”

“Ìyẹn kò ràn yín lọ́wọ́ bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n yọ ọ́. Ta ló rí òkúta náà níbí láàárọ̀ Sọ́ńdè?”

“Ta ni yóò rí i? Gbogbo àdúgbò ló lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jí, ó bú sẹ́kún. Mobọ́lá ń mì ín bó ṣe ń sọ̀rọ̀. “Mádàámù, àwọn ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí wà lóko. Àwọn mìíràn ń gbálẹ̀ ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́. Bí ìgbìmọ̀ bá dé lọ́la tí kò sí òkúta, ilé ti di ti Ọláyínká nìyẹn. Èmi á lọ sí kóòtù, àwọn ọmọ á padà sí abẹ́ igi kòkó.”

“Mo gbọ́,” ni Adérìnsọ́lá dá a lóhùn. “Ẹ lọ fún ọmọ lóúnjẹ.”

*

Ẹnì kan wà ládùúgbò tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Màmá Àbẹ̀kẹ́ ń gbé ní òdìkejì títì, orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí jẹ́lé-ó-sinmi náà, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ níbẹ̀.

“Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ọlọ́pàá ni yín àbí pásítọ̀?”

“Ọlọ́pàá ni, Màmá,” Ọláníyì dáhùn.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ á ní kí n dìde dúró.”

Adérìnsọ́lá fa àpótí kan, ó jókòó tì í. “Màmá, ta ló kọ́ ilé àwọn ọmọ yìí?”

“Ìjọba ni. Ta ni ìbá tún kọ́ ọ?” Màmá Àbẹ̀kẹ́ na ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. “Ẹ̀yin ò mọ bó ṣe rí. Ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dáa, a yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ sí ulé-ùwé yẹn náà ló ń pọn àbúrò wọn nígbà tí ìyá bá wà lóko. Ta ló wá kù nílé? Kò sẹ́nì kankan. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ jòjòló lọ sí oko. Ejò bu ọ̀kan jẹ lábẹ́ kòkó.”

Ó fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

“Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn obìnrin pọn ọmọ wọn, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn sọ ọmọ kalẹ̀ síwájú akọ̀wé, wọ́n ní ó dàbọ̀, àwọn ń lọ sóko, àwọn á wá gbé wọn nírọ̀lẹ́.”

Ọláníyì bú sẹ́rìn-ín. “Wọ́n sì lọ lóòótọ́?”

“Wọ́n lọ! Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló fọ ìdí ọmọ lọ́jọ́ yẹn, òun àti táì tó dè mọ́rùn. Kò pẹ́ tí owó fi wá láti Ìbàdàn.”

“Nígbà wo lowó náà dáwọ́ dúró?” Adérìnsọ́lá bèèrè.

“Nígbà tí wọ́n ń pín ìpínlẹ̀. Bí a bá bèèrè níbí, wọ́n á ní ọ̀hún ni. Bí a bá dé ọ̀hún, wọ́n á ní ibí ni. Àwọn ìyá wá ń fi uṣu àti epo bọ́ wa. Ṣùgbọ́n a ò ti ulé yẹn pa rí, ọmọ mi. Kò sí ọdún kan tí a tì í.”

“Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ sára òkúta?”

“Èmi ò kàwé. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á sí wa létí. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ bàbá Ọláyínká, ẹkún ló bú sí. Kò tíì sẹ́ni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta nínú ẹbí wọn. Lọ́dọọdún ló ń wá fi aṣọ nù ún títí ara rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn akunlé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún bó ṣe wù wọ́n.”

Adérìnsọ́lá tẹ̀ síwájú lórí àpótí. “Màmá, ní Sọ́ńdè, nígbà tí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹ gbọ́ ariwo kankan?”

“Rárá o. Kò sí ariwo. Uyán nìkan ni wọ́n ń gún.”

“Níbo?”

“Níhà ulé ọmọ níbẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Mo ní, ta ni kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gún uyán? Mo bu omi fọwọ́, mo ń retí kí wọ́n gbé díẹ̀ wá fún mi. Wọn ò gbé e wá. Ahun!”

Ọláníyì tún rẹ́rìn-ín. Adérìnsọ́lá kò rẹ́rìn-ín.

“Nígbà tí wọ́n gún un pẹ́, báwo ni ìró rẹ̀ ṣe ń dún?”

“Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ló ṣe parí, ó le koko. Mo tiẹ̀ ní wọ́n mà ra uṣu burúkú o.”

Wọ́n dágbére fún un. Bí wọ́n ṣe dé ojú títì, Adérìnsọ́lá dúró. “Sájẹ́ǹtì, ẹ ti jẹ iyán tó láyé yìí.”

“Ẹ wo ikùn mi, Mádàámù. Ẹ̀rí nìyẹn.”

“Báwo ni ìró odó ṣe ń lọ?”

“Á kọ́kọ́ dún gbì, nígbà tí iṣu ṣì wà lódidi. Bó bá ti ń dì, ìró yẹn á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ọmọ odó. Èèyàn á ti mọ̀ nínú yàrá pé kóun lọ fọwọ́…” Ó yíjú sí Adérìnsọ́lá. “Mádàámù, kò sí iyán tó ń le láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.”

“Ògiri ló ń le bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan fi aṣọ wé òòlù. Sọ́ńdè ló yọ òkúta yẹn, lásìkò ìsìn, nígbà tí Mobọ́lá wà níwájú gbogbo ìjọ ní Ìdó.”

“Ó ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn.”

“Ó ti bọ́. Òkúta la ò tíì rí.”

*

Ọláníyì ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀. Kúnlé ni olè. Kúnlé ni òṣìṣẹ́ tí Mobọ́lá gbà láti ha òkúta, ó ní òòlù, ó ní irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ògiri, ó sì ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè pé ibà dá òun dúbúlẹ̀. Wọ́n bá a lórí ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́bàá ọjà, ó ń jẹ búrẹ́dì.

“Kúnlé, ara ti yá?”

“Ó ti ń yá díẹ̀díẹ̀, sà.”

“Ibà yìí mà lágbára o. Ó da sìmẹ́ńtì sí ọ ní sòkòtò.”

Kúnlé wo sòkòtò rẹ̀. Búrẹ́dì dúró sí i lẹ́nu.

“Òun ni, Mádàámù,” Ọláníyì wí. “Ẹ jẹ́ kí n gbé e.”

“Ẹ mú sùúrù.” Adérìnsọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná ha sìmẹ́ńtì náà. “Funfun ni èyí. Ohun tí mo fọwọ́ bà nínú ihò láàárọ̀ pupa, iyanrìn àti sìmẹ́ńtì àtijọ́ ni. Èyí ni wọ́n fi ń dí àárín táìlì. Kúnlé, ta lo tẹ́ táìlì fún lánàá?”

“N kò tẹ́ táìlì fún ẹnikẹ́ni, mà.”

“Ẹ gbé e, Sájẹ́ǹtì.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà! Ẹ jọ̀ọ́!” Kúnlé bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. “Ẹ má jẹ́ kí Àǹtí Mobọ́lá gbọ́. Wọ́n ti fún mi lówó iṣẹ́ tiwọn. Ọ̀gá Ọláyínká ló pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù pé iṣẹ́ pàjáwìrì ni. Wọ́n ní kí n tẹ́ táìlì sórí sàréè bàbá wọn.”

“Bàbá tó ti kú tipẹ́,” Ọláníyì wí. “Kí ló di pàjáwìrì níbẹ̀?”

“Ohun tí mo bi wọ́n náà nìyẹn, sà. Wọn ò dá mi lóhùn.”

Adérìnsọ́lá sún mọ́ ọn. “Báwo ni sàréè náà ṣe rí kó o tó bẹ̀rẹ̀?”

“Kọnkéré ni. Àmọ́ wọ́n ti fúnra wọn tẹ́ nǹkan kan sí apá orí, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n da sìmẹ́ńtì lé e. Mo ní ó ga ju ibi tó kù lọ, kí n gbé e kúrò kí táìlì lè jókòó dáadáa. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi létí.”

“Gun ọ̀kadà rẹ, kó o máa tẹ̀ lé wa. Mú gbogbo irinṣẹ́ rẹ dání.”

Nínú ọkọ̀, Adérìnsọ́lá sọ̀rọ̀ ju bó ṣe máa ń sọ lọ.

“Láti àárọ̀ ni nǹkan kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Bí èèyàn bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan pa rẹ́ lára òkúta, òòlù kan ti tó. Á fọ́ ọ, á da á sínú kòtò, iṣẹ́ ti parí. Ẹni tiwa yìí fi gbogbo àsìkò ìsìn gbẹ́ etí òkúta yí ká kó má bàa là. Kí ló ń dáàbò bò?”

“Orúkọ bàbá rẹ̀.”

“Orúkọ bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè orúkọ yẹn ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà. Kò lè fọ́ ọ, kò sì lè jù ú sínú igbó. Níbo ni ọmọ ń gbé orúkọ bàbá rẹ̀ sí?”

Ọláníyì tẹ iná mọ́tò náà.

*

Sàréè náà wà níwájú ilé Ọláyínká, lábẹ́ àtíbàbà kékeré tí wọ́n fi páànù bò. Táìlì rẹ̀ funfun, ó ń dán. Ọláyínká jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù wà létí rẹ̀. Nígbà tó rí Kúnlé lẹ́yìn ọlọ́pàá, ó gbé fóònù náà kalẹ̀.

“Mádàámù, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ti mú obìnrin yẹn?”

“A ò ní mú un. Sọ́ńdè ni wọ́n yọ òkúta, lásìkò ìsìn. Ní Sọ́ńdè, ẹ̀yin wà níbo?”

“Mo wà nílé. Ara mi ò yá.”

“Ibà ló ń ṣe gbogbo yín,” Ọláníyì kùn.

Adérìnsọ́lá rìn lọ sí ìdí sàréè, ó dúró sí apá orí. “Kí ló wà lábẹ́ ibí yìí?”

Ọláyínká dìde. “Bàbá mi ló wà níbẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ hú òkú ni? Ṣé ẹ ní ìwé kóòtù?”

“Rárá.”

“Ẹ kúrò nílé mi nígbà náà!”

Ariwo rẹ̀ ti pe àwọn aládùúgbò jáde. Adérìnsọ́lá kò gbóhùn sókè. Ó na ọwọ́ sí Kúnlé, ó gba òòlù ńlá tó wà nínú àpò rẹ̀, ó sì gbé e fún Ọláyínká.

“Èmi kò ní fọwọ́ kan sàréè bàbá yín. Ẹ ní kọnkéré ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lù ú ní ẹ̀ẹ̀kan péré, níhìn-ín, láàárín, pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Bó bá jẹ́ kọnkéré lásán, táìlì kan ṣoṣo ló máa fọ́. N ó ra òmíràn, n ó sì kúnlẹ̀ bẹ̀ yín lójú gbogbo àwọn wọ̀nyí.”

Ọláyínká rẹ́rìn-ín. “Ṣé gbogbo ọgbọ́n yín nìyẹn?”

“Gbogbo rẹ̀ nìyẹn.”

Ó gba òòlù. Ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ó gbé òòlù sókè ju orí rẹ̀ lọ. Gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn.

Òòlù náà kò sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ lù ú,” Adérìnsọ́lá wí.

 Òógùn ń ṣàn wọ inú ojú Ọláyínká. Ó wo táìlì, ó wo ọlọ́pàá, ó tún wo táìlì. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé òòlù náà kalẹ̀ sórí koríko, ó jókòó sí etí sàréè, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

“N kò lè ṣe é,” ó wí. “Ìgbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń bá a gbé omi tó fi ń nù ún. Mo rò pé bí mo bá ti gbé e wá sọ́dọ̀ rẹ̀ níbí, n kò ṣẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ ṣẹ àwọn ọmọ tó torí wọn kọ́lé.”

 Ọláyínká fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí táìlì náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọ́ sìmẹ́ńtì tútù tó wà nísàlẹ̀, ó sì fa òkúta náà jáde nínú ọ̀rá. Nígbà tí Ọláníyì dì í lápá mú lọ sínú ọkọ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Adérìnsọ́lá yíjú sí Kúnlé. “Ṣé o mọ ẹni tó máa ha ọ̀dà yìí kúrò kílẹ̀ tó ṣú, tó sì máa lẹ òkúta padà sáyè rẹ̀?”

“Èmi ni, mà.”

“O mọ iye tí wọ́n máa san fún ọ?”

“Wọ́n ti san án, mà.”

*

Ní ọjọ́ kejì, ìgbìmọ̀ dé pẹ̀lú ọkọ̀ méjì. Ìyá kankan kò lọ sí oko láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́ náà wà níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ti gbé àga fún Màmá Àbẹ̀kẹ́ síwájú gbogbo ènìyàn. Adérìnsọ́lá dúró lẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn.

Olórí ìgbìmọ̀ náà, Ìyáàfin Ọmọ́yẹni, wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú òkúta, ó sì kà á sókè:

“Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló ná owó sí ilé yìí fún àwọn ọmọ Ùsì. Ìlú ló fi ilẹ̀ sílẹ̀. J. A. Ẹlúyẹmí ló kọ́ ọ.”

Ó tún un kà nínú ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa lẹ́tà ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn tí wọ́n jọ wá.

“Ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè?”

Kò sẹ́ni tó ní.

“Ilé yìí ti wọlé sínú ètò ìjọba. Owó oṣù àwọn olùtọ́jú yóò bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù tó ń bọ̀, oúnjẹ àwọn ọmọ pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó lè lé wọn kúrò níbí mọ́.”

Àwọn ìyá la ẹnu láti hó. Mobọ́lá na ọwọ́ sókè kíá, ó fi ìka kan ètè. Wọ́n pa ẹnu dé. Ayọ̀ náà kò rí ẹnu gbà jáde, ó bá gba ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí orin àti ìlù, wọ́n ń gbọn èjìká, wọ́n ń di ara wọn mọ́ra, omijé ń bọ́ lójú wọn. Màmá Àbẹ̀kẹ́ jó lórí àga.

Ìyáàfin Ọmọ́yẹni rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ ká wọlé wo àwọn ọmọ.” Ó gbé ẹsẹ̀, àwọn ọ̀gá tó kù sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà tó ń ró kòkò, kòkò.

Mobọ́lá dínà mọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Wọ́n ń sùn.”

Wọ́n wo ara wọn. Ìyáàfin Ọmọ́yẹni ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣojú ìjọba ṣe bọ́ bàtà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú Jẹ́lé-ó-sinmi Ùsì, wọ́n gbé e dání, wọ́n sì yọ́ wọlé.